Búrọ́ọ̀ṣì Onírun Dúdú Tí O Ní Kí N Fi Ránṣẹ́ sí Ìlọrin

Bájúláyé, Ṣómólú,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Ràímì Àkànní, ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan fún ara mi, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì fún ìyá rẹ, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó lọ fi han gbogbo àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìlàjẹ. Nígbà tó fi máa gbé e padà wálé, òórùn ẹja yíyan ti gba gbogbo ara bébà náà. Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí tìrẹ náà máa le lọ́hùn-ún.

Inú mi dùn, n kò sì ní fi pa mọ́ fún ọ. Ọmọ onígbàjámọ̀ abẹ́ páànù ní Bájúláyé ló wá di ẹni tó ní àga tirẹ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì, níwájú dígí tó tóbi tó ilẹ̀kùn. O ní àwọn àfáà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ, àti pé ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì ń pè ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Báábà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n láti ọdún mẹ́tàlélógún, Bàbá Ràímì ni wọ́n ṣì ń pè mí.

O wá béèrè ohun kan ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. O ní kí n fi búrọ́ọ̀ṣì onírun dúdú ọlọ́wọ́ igi ránṣẹ́ sí ọ, èyí tí o rí nínú àpótí mi nígbà tí o wá ṣọdún, nítorí pé o kò tíì rí èyí tó ń mú ọṣẹ hó bíi tirẹ̀. Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lára búrọ́ọ̀ṣì yẹn tí n kò sọ fún ọ rí, n kò sì lè fi í ránṣẹ́ láìsọ ọ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Èmi kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ní ṣókí, ìwọ náà mọ̀ mí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì, kí n tó sọ̀rọ̀ ara mi.

Èkíní, mọ ìwà irun tó wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó fi ọwọ́ kan ọṣẹ. Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Súnmọ́nù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó kó wá sí Bàrígà, kò jẹ́ kí n fá ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń fọ̀. Mo rò pé ó ń fìyà jẹ mí ni. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì kan tí òyìnbó kan fún un nígbà tó ń padà sílé, onírun funfun, tó rọ̀ bí òwú. Irun ẹranko igbó kan ní ìlú wọn ni, wọ́n ń pè é ní bájà. Bó o bá rí bí ó ṣe ń mu omi. Bí o bá ki í bọ omi lẹ́ẹ̀kan péré, omi inú rẹ̀ á tó ọ dé òpin iṣẹ́. Ìfófó rẹ̀ a pọ̀, a sì móoru lójú oníbàárà. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó ní ọ̀kánjúwà. Ọṣẹ tó bá gbà, ìdajì rẹ̀ ló ń gbé pa mọ́ sínú ikùn. Nígbà tí ọṣẹ pọ̀ nílùú, ta ló bìkítà.

Mo ba búrọ́ọ̀ṣì náà jẹ́. Òṣìṣẹ́ kan láti Igbóbì fẹ́ lọ fojú han àwọn àna rẹ̀, ó ń kánjú, èmi náà bá a kánjú. Dípò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, omi tó ń hó lórí iná ni mo rọ sí búrọ́ọ̀ṣì. Gọ́ọ̀mù tó di irun náà mú yọ́. Bí mo ṣe fi kan ẹnu ọkùnrin yìí báyìí, irun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn létè, ó wá dà bí àgbàlagbà ọgọ́rin ọdún. Gbogbo ìsọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó ní láti ọjọ́ náà, fún oṣù kan gbáko, ìka mi ni n ó máa fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń mú ọṣẹ hó, tí mo fi ń pa á lójú oníbàárà, títí ìka mi fi mọ ìgbà tí omi pọ̀ jù àti ìgbà tí kò tó. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìfófó ti jinná, ìka mi ni mo ń bi. Ó gbọ́dọ̀ dúró bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi orí rẹ̀ nù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe omi gbígbóná.

Ìkejì, irun ẹṣin. Èyí wúlò fún ọ jù, nítorí ìlú ẹlẹ́ṣin lo wà. Ọ̀gá Súnmọ́nù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan láti ara irun ìrù ẹṣin tí Hausa kan gé fún un. Ó dì í, ó fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ó sì lò ó fún ọdún púpọ̀ kó tó fi í jogún fún mi. Irun ẹṣin kì í rọ̀ jù, kì í le jù. Ó tètè ń gbẹ. Ìfófó rẹ̀ kì í tètè pọ̀, o ní láti fọwọ́ yí i fún ìgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bó bá ti hó, kì í wálẹ̀. Wá ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin níbẹ̀, kí ẹ dọ̀rẹ́. Mo rò pé ká ní mo ní sùúrù bíi ti Ọ̀gá Súnmọ́nù ni, ìwọ ì bá ti jogún mẹ́wàá.

Ìkẹta ni náílọ́ọ̀nù, tí gbogbo yín ń bú. Èmi náà bú u. Nígbà tí àwọn sójà dé, tí ìlú le, tí wọ́n ti ẹnu ibodè, àwọn ọjà tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ́nkò, ọṣẹ, ìrẹsì, mílíìkì, lórí ìlà la ti ń rà wọ́n. Ìyá rẹ á tò láti àárọ̀ fún ọṣẹ méjì. Ìgbà yẹn ni mo ṣe àṣìṣe ahun. Mo ní kí n ṣọ́ ọṣẹ lò, ni mo bá ń po ìfófó tó dà bí omi ìfọṣọ, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gba ọṣẹ, kó má baà gbà jù. Irun gbígbẹ ló ń mu ìfófó fúnra rẹ̀, kò sì ní fi nǹkan kan sílẹ̀ fún àgbọ̀n oníbàárà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bọ́ǹpù yọ sí ọrùn ìdajì Ṣómólú. Àwọn tó ń to lẹ́tà ní àwọn ilé ìtẹ̀wé wa ń bọ̀, wọ́n ń họ ọrùn, wọ́n ń wò mí bí olè.

Náílọ́ọ̀nù ló yọ mí. Kì í mu omi, kì í mu ọṣẹ. Gbogbo ohun tí o bá fún un ló ń gbé dé ojú oníbàárà, kì í jí nǹkan kan pa mọ́. Kó o gbọn omi rẹ̀ dànù dáadáa, kó o fi yí orí ọṣẹ ní ìwọ̀n ìgbà mẹ́wàá, ó ti tó. Bí o bá fún un lómi jù, á máa ta sí oníbàárà lójú. Ó máa ń gún ọlọ́rùn rírọ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀wọ́n, ẹni tí kì í jẹ ìjẹkújẹ ni ọ̀rẹ́ ẹni. Èérún ọṣẹ tí ìyá rẹ ń kó jọ fún mi, tí mo ń yọ́ pọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú agolo, náílọ́ọ̀nù ló sọ ọ́ di ọṣẹ oṣù méjì. Bí o bá fẹ́ ṣọ́ ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ni kó o fi ṣọ́ ọ, má fi àgbọ̀n ènìyàn ṣọ́ ọ.

Ó kù ọ̀kan. Mo ti gbé kálàmù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ibí yìí, mo tiẹ̀ ti lọ pọ́n abẹ tó mú tẹ́lẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì onírun dúdú yẹn, mo rà á ní ọjà nígbà tí ti ẹṣin ti pá, kí ìlú tó le. N kò béèrè irú irun tó jẹ́. Ràímì, n kò tíì rí irú rẹ̀. Bí o bá rẹ ẹ́ sínú omi nígbà tí o ń pọ́n abẹ, á rọ̀ lórí, á le nídìí. Ọṣẹ líle tó bá dà bí òkúta, á họ ọ́ títí á fi hó. Ó ń gbé irùngbọ̀n dìde kúrò lára ẹran kí abẹ tó dé. Bí o bá ṣe ń lò ó sí i ni orí irun náà ń là, tó sì ń rọ̀ sí i. Kò sí bọ́ǹpù. Àlàájì Ṣittù, náíbì, igbákejì lémọ́mù mọ́ṣáláṣí wa, tí irùngbọ̀n rẹ̀ le bí ìgbálẹ̀, fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kì í tọ́ irùngbọ̀n sílẹ̀ nítorí àrùn awọ kan tó ń dà á láàmú, gbogbo Jímọ̀ ló ń jókòó sí àga mi, láti ibẹ̀ á lọ ṣe àlùwàlá.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, Ẹ̀gbá tó ń tẹ̀wé ní òpópónà kejì sí wa, jókòó fún fífá. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka ra orí irun tó là, ó gbé e sí imú. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ràímì, ṣé ẹ mọ̀ pé irun ẹlẹ́dẹ̀ lèyí? Bàbá mi sin wọ́n. Èmi ni mò ń fọ̀ wọ́n."

Kò ní ohun búburú lọ́kàn. Onígbàgbọ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lójú rẹ̀. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ, mo jókòó sórí àga ara mi, mo ń wo búrọ́ọ̀ṣì náà. Mo fẹ́ jù ú sínú gọ́tà. N kò jù ú.

Èyí ni àṣìṣe mi, mo sì fẹ́ kí o wò ó dáadáa. Pé mo rà á láìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo mọ̀, mo sì ń lò ó lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé kò sí búrọ́ọ̀ṣì mìíràn nílùú, pé náílọ́ọ̀nù yóò gún ọrùn Àlàájì, pé bí mo bá fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò sí nǹkan tó ṣẹ́ kù. Mo ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, mo tún máa ń yí àga Àlàájì kúrò níwájú dígí, kí n má baà rí ojú ara mi. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Jímọ̀ kan nínú oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, Àlàájì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí mo ṣe ti pa ọṣẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tí mo ti fá ọ̀kan tán, ló ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó má fòyà láti gba orí àga mi lọ sórí ìrun, pé ọwọ́ èmi Làsísì mọ́, ohun èlò mi mọ́. Abẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé abẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, ó jáde. Àlàájì kò dìde. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní ó lé ní ọdún kan. Ó mú aṣọ tí mo fi bo àyà rẹ̀, ó fi nu ọṣẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Irun yẹn, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ẹ̀," ó ní. "Àwọn kan ní kò burú, àwọn kan ní ó burú. Ká ní o bi mí ni, bóyá ǹ bá ní kó o máa lò ó. Ṣùgbọ́n o ò bi mí. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, Làsísì. Orí mi wà lọ́wọ́ ẹ, o sì fá a lẹ́yìn mi."

Ó dìde, ó lọ kírun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dán, èkejì kún fún irun, lójú gbogbo ènìyàn, lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n bi í léèrè lọ́nà, wọ́n bi í ní mọ́ṣáláṣí. Ó kàn ń sọ pé òun ló yára dìde. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sọ̀rọ̀, ìyẹn náà pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan láti ẹnu rẹ̀ ni ì bá ti ìsọ̀ mi pa, kò sọ ọ́. Mo ti mọ ènìyàn púpọ̀ tó ń kírun, Ràímì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí pé ta ni mùsùlùmí, òun ni mo máa nawọ́ sí.

Oṣù mẹ́rin ni kò fi dé. Èmi fúnra mi lọ bá àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún wọn. Àwọn kan bú mi, mo gbà. Àwọn kan kò padà wá mọ́. Àwọn Onígbàgbọ́ kan ní kí n máa fi fá àwọn lọ. Mo dì í sínú aṣọ, mo kì í sínú àpótí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Àlàájì wọlé, ó jókòó, ó béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní náílọ́ọ̀nù ni, pé á gún un. Ó ní kí n máa fá a lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó, kí n tó rẹ búrọ́ọ̀ṣì, mo ń sọ irun tó jẹ́. Ìwọ náà gbọ́ mi tí mo ń ṣe é nígbà tí o wá ṣọdún, o sì ń rẹ́rìn-ín pé ọjọ́ ogbó ló dé. Rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n máa ṣe é. Ọkùnrin tó gbé ọ̀fun rẹ̀ sókè fún ọ, tó di ojú, ti fi gbogbo ohun tó ní lé ọ lọ́wọ́. Má ṣe bá a pinnu ohunkóhun láìbi í.

Ìyá rẹ ka ibi tí mo dé yìí. Ó ní, "O ò tíì kọ èyí tó nira." Òótọ́ ni.

Nínú ọdún tí mo mọ̀ tí mo sì dákẹ́ yẹn, ìwọ náà wà nílé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí o ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo pè ọ́ wá sórí àga, mo ní ọkùnrin kì í rìnrìn-àjò pẹ̀lú irun tín-ín-rín létè. Búrọ́ọ̀ṣì tó dára jù nínú ìsọ̀ ni mo fi fá ọ, nítorí ìwọ ni ẹni tó ṣe iyebíye jù tó tíì jókòó síbẹ̀. O fọwọ́ kan ìfófó náà, o ní o kò mọ̀ pé ọṣẹ lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà a jọ lọ kírun, èjìká rẹ kan tèmi. Mo mọ̀, ọmọ mi. Bí mo ṣe dúró tì ọ́ níbẹ̀, mo mọ̀. Nígbà tí o padà dé láti Ìjẹ̀bú-Òde tí o sì béèrè búrọ́ọ̀ṣì náà, mo ní ó ti bàjẹ́. Irọ́ ni mo pa fún ọ, kí o tó wá fojú ara rẹ rí i nínú àpótí lọ́jọ́ ọdún.

Mo sọ fún Àlàájì, mo sọ fún gbogbo Bájúláyé. Ìwọ nìkan ló ṣẹ́ kù tí n kò tíì sọ fún, nítorí ìwọ nìkan ni mo bẹ̀rù. O máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé bàbá rẹ kì í purọ́, mo sì fẹ́ràn láti gbọ́ ọ.

Búrọ́ọ̀ṣì náà wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti sá a gbẹ. Ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin yóò kọjá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, n kò ní fi rán an. N ó dúró de lẹ́tà rẹ. Bí o bá ní kí n sun ún, n ó sun ún. Bí o bá ní kí n fi ránṣẹ́, n ó fi ránṣẹ́, ìwọ á sì mọ ohun tí o máa wí fún àwọn tó ń jókòó sórí àga rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó kọ ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì, jọ̀wọ́, kọ́kọ́ kọ ọ́ sí mi bóyá o dárí jì mí.

Bàbá rẹ tó ń wo ojú ọ̀nà,
Làsísì Àjàó.